Ọ̀dà Inú Ilẹ̀ Oko Bàbá Rẹ

Ilé Oko Odùgbẹ̀san,
Lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ọdún 1984.

Ernest Adébóyè, ọmọ mi,

Báwo ni Èkó, ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara àwọn ọmọ le? Bí o bá ń ro tèmi, mo wà, orúnkún ọ̀tún ló ń dùn mí, ti òsì kò tíì gbọ́. Ọlọ́run tó sọ ọ́ di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ohun inú ilẹ̀ kò ní jẹ́ kí o já bọ́ níbẹ̀. Èmi fúnra mi ló ń ṣe àmín sí àdúrà yìí láràárọ̀, torí n kò mọ̀ bóyá ẹ máa ń ráyè ṣe àmín lọ́hùn-ún.

Ilé dáa, àfi kẹrosíìnì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá mo gbé gálọ́ọ̀nù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo tò láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, nígbà tó kàn mí wọ́n ní ó ti tán. Orílẹ̀-èdè tí rédíò ń pariwo pé ó ń ta epo fún gbogbo ayé nìyẹn o. Epo pupa la fi ń tan fìtílà báyìí, bíi ti ayé ìyá ìyá mi. A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Èkó ti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an rèé. O rántí ọ̀dà dúdú tó máa ń sun jáde létí odò oko wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí bàbá rẹ fi ń dí òrùlé tó bá ń jò. Àwọn ọkùnrin kan wá nítorí rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ aláriwo kan dání, wọ́n fi ń lu ilẹ̀, wọ́n sì ń kó iyẹ̀pẹ̀ sínú àpótí gbọọrọ, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí i lára. Àánú wọn ṣe mí, mo bi wọ́n pé ṣé iyẹ̀pẹ̀ ti tán l'Ékòó ni. Wọ́n tún ri òpó sìmẹ́ńtì kúkúrú mẹ́rin mọ́lẹ̀. Mo rò pé oore ni wọ́n ṣe mí, mo so ewúrẹ́ mi mọ́ ọ̀kan. Ọ̀gá wọn, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter, bínú pé òpó ìjọba àpapọ̀ ni. Mo ní ewúrẹ́ náà kò ṣá tíì ráhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Walter pe gbogbo àwa tí a ní oko létí odò náà jọ sí ilé ìwé. Ó ní òfin sọ pé ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, tìjọba àpapọ̀ ni, ohun tó wà lókè nìkan ni tiwa, òun ni wọ́n sì máa sanwó fún kí a tó kó kúrò. Mo dìde, mo ní ewùrà mi ńkọ́, torí inú ilẹ̀ lòun náà wà. Ó ní ewùrà kì í ṣe ohun àlùmọ́nì. Mo ní gbágùúdá ńkọ́. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ jókòó. N kò jókòó. Sàlàkọ́ tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà kò tilẹ̀ bèèrè nǹkan kan, nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ti wu gbogbo gbágùúdá rẹ̀, èyí tó tóbi àti èyí tó rí bí ìka, kí ìjọba má baà rí nǹkan kan bá nílẹ̀. Mo tún bi Walter pé bó bá jẹ́ títì ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà wa ṣe, ṣé wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà wa tí ọkọ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ títì kọ́ ni tòun. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn, ẹni tó ń kó o lọ kì í mọ ẹni tó ń mú un bọ̀.

Ló bá gbé fọ́ọ̀mù fún mi pẹ̀lú tàdáwà, ó ti di àtàǹpàkò mi mú kí n tó lanu, èmi tí mo kàwé dé Sítáńdáàdì Síìsì. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kà á. Igi obì kan, náírà mẹ́ta. Ìwọ náà mọ̀ pé igi obì wọ̀nyẹn ló rán ọ lọ sí girama. Lábẹ́ igi obì wọ́n kọ ibojì, ọ̀kan. Theophilus ọkọ mi ni wọ́n ń kọ bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ká sin òun sábẹ́ igi tí òun kọ́kọ́ gbìn. Walter ní wọ́n máa hú u lọ síbòmíràn. Mo bi í pé ṣé bàbá rẹ náà wà lára ohun inú ilẹ̀ tó jẹ́ tìjọba. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í nu bírò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin ín, n kò rí ìjọba kankan tó sunkún níbẹ̀. Ó dùn mí, Adébóyè, mo sunkún níṣojú Sàlàkọ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Lẹ́tà kan wà lára fọ́ọ̀mù náà, òun ló pàṣẹ pé kí wọ́n hú bàbá rẹ, orúkọ rẹ ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Ernest Adébóyè Odùgbẹ̀san. Olè wà ní ọ́fíìsì yín. Ó tilẹ̀ jí E rẹ, E onírù tí tíṣà torí rẹ̀ nà ọ́ títí. Walter ní òun mọ̀ ọ́, pé ìwọ lo kọ ọ́. Mo sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé irọ́ ló ń pa, pé ọmọ mi mọ ibi tí bàbá rẹ̀ sùn sí, òun ló kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Sàlàkọ́ wúkọ́, ó ní kí n jẹ́ ká máa lọ sílé. Mo ní kí gbogbo wọn gbọ́, wúrà òun fàdákà inú ilẹ̀ lè jẹ́ tìjọba, ṣùgbọ́n orúkọ rere tó sàn jù wọ́n lọ, èmi àti Theophilus la ni ín, a kò sì tíì tà á.

Fi ọgbọ̀n náírà ránṣẹ́ kí n fi ra sìmẹ́ńtì sí ojú oórì bàbá rẹ. Kí o sì wá ẹni tó ń fi orúkọ rẹ kọ̀wé yẹn rí. Sọ fún un pé n kò buwọ́ lù ú, n kò sì tẹ̀ka. Bó bá di dandan kí wọ́n hú Theophilus, kó má rán Walter, kó wá fúnra rẹ̀. Ọkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N óò se ìkọ́kọrẹ́ dè é, torí ebi á pa á lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà mọ ibi tí wọ́n bá tẹ́ ọ sí, wọn kò sì ní buwọ́ lùwé lé ọ lórí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Edith Mọ́ṣádé Odùgbẹ̀san