Dírónù Ẹ̀gbọ́n Mi Ti Já Sódò

Bàbá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí.

Èmi ni mo gbé dírónù ẹ̀gbọ́n mi jáde láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n ni mo rò, ni mo ní kí n bá yín lọ ya fọ́tò òrùlé tí káfíńtà fẹ́ tún ṣe létí odò. Bátìrì tó ti wú, tẹ́ ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn, òun ni mo lò, torí òun nìkan ló níná. Nígbà tó fò dé àárín odò, ó kú lójijì, ó sì já bọ́ bí òkò.

Ọdún méje lẹ ti ń tọ́jú ẹ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é dáwọ́ dúró, ẹ̀yin ò dáwọ́ dúró. Òkú dírónù mẹ́ta lẹ tú torí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Fídíò àkọ́kọ́ ṣì wà nínú káàdì rẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń rẹ́rìn-ín pé, “Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn, á gé yín létí o!” A ò ní ohùn rẹ̀ níbòmíì. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ní màá ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mi ò ṣe é.

Apẹja kan fẹ́ fi ọkọ̀ gbé mi lọ wá a. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lo oògùn yín.

Bí mo bá dé lọ́wọ́ òfo, ẹ bá mi wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kò burú.

Àbíkẹ́yìn yín