"Good Night" Kì Í Ṣe Ẹ Káalẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ ọ́ tán ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ wa ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti wọlẹ̀? A ní "ẹ kú ìjókòó", a ní "ẹ kú ìdúró". Tiyín ni mi ò rí.

Mo ríṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Jahi, l'Abuja níbí. Èmi ni mò ń jókòó níwájú, tí mò ń kí àlejò. Wọ́n ní kí n fi oṣù kan dán an wò ná. Ṣe ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìkíni òyìnbó láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ bá ń fọ mọ́tò ọ̀gá yín, tí mò ń bá yín gbé omi. Ẹ ní "hi" wà fún ẹlẹgbẹ́ ẹni. Ẹ ní n kò gbọdọ̀ gbàgbé "sir" láé, pé "sir" ni ìkúnlẹ̀ wọn. Àmọ́ ẹ ò kọ́ mi dé alẹ́, Bàbá. Àbí ẹ kọ́ mi, tí n ò gbọ́?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá àgbà kan gbé báàgì wọlé, irun rẹ̀ funfun bíi tiyín. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ kí n tó rántí pé káúńtà wà láàárín wa. Mo bá fi ẹnu kúnlẹ̀: "Good night, sir!" Ó ní ṣé mo ti ń lé òun lọ ni, nígbà tí òun ò tíì jókòó! Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, àfi mánéjà.

Ìdágbére ni "good night" wọn, Bàbá. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́. Mẹ́gáàdì pàápàá, tí mo bá dé láàárọ̀, á ní, "Sànnu, Madam Good Night!" Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní báyìí, tí àlejò bá wọlé, ahọ́n mi á so. Mánéjà ní kí n wá rí òun lọ́jọ́ Ajé. Ọmọbìnrin tuntun kan ti ń jókòó sórí àga mi. Bàbá ọmọ mi sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, òun á mú Mọrẹ́nikẹ́ lọ fún ìyá òun n'Ógbómọ̀ṣọ́, kó lè máa rí oúnjẹ jẹ. Kí ni kí n fi dá a lóhùn?

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Mọrẹ́nikẹ́, kò mọ̀ yín. Láràárọ̀ nílé wa ní Jikwoyi, á dúró níwájú fọ́tò yín, á juwọ́: "Hi, Grandpa!" Kò kúnlẹ̀, kò sí "sir". Ẹ̀ bá ti bínú. Èmi ò bá a wí mọ́. Òun kúkú rí nǹkan fi kí yín.

"Ó dàárọ̀" tiwa, àárọ̀ wà nínú rẹ̀. Òun ni mo sọ nígbà tí mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ sì dáhùn. Ilẹ̀ mọ́, ẹ ò jí. Tòyìnbó ò ṣèlérí àárọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti wá mọ ibi tí wọ́n ń lò ó.

Good night, sir.

Èmi ọmọ yín, lórí ìkúnlẹ̀.