Ohùn Rẹ àti Ìmọ́lẹ̀ Ìràwọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Mi ò sọ pé o ti kú. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni awakọ̀ tó ń ná ìlú yín yẹn gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ń lọ dáadáa? Iṣẹ́ ò ní pa ọ́, wàá jèrè rẹ̀. Ara tiwa náà le, àfi ìyá mi, ìyá àgbà rẹ, tí kò jẹun tó, ọ̀rọ̀ yìí náà ló fà á.

Ìwé ìràwọ̀ tí ẹ ń tẹ̀, tí o kà sínú fóònù ránṣẹ́ sí wa, a gbọ́ ọ. Mo gbé fóònù sórí àga, gbogbo ilé jókòó yí i ká. Ìyá àgbà bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, o ò dá a lóhùn, ìràwọ̀ lò ń sọ lọ ràì. Ó ní ìlú ńlá ti ba ìwà ọmọ yìí jẹ́.

Èmi ni mo wá là á yé wọn, torí alágbẹ̀dẹ ni mí, ọ̀rọ̀ iná yé mi. Mo ní eruku àti afẹ́fẹ́ ló ń wọ́ jọ lójú ọ̀run, tí ìwúwo ara wọn á fún wọn pọ̀ títí wọ́n á fi gbóná, tí wọ́n á sì di ìràwọ̀. Èyí tó tóbi ń jẹ epo rẹ̀ ní wàdùwàdù, kì í pẹ́ láyé. Èyí tó kéré ń ṣọ́ epo lò, ó ń di arúgbó. Bí ọjọ́ ikú bá dé, á wú, á pọ́n bí irin inú iná. Àwọn tó tóbi jù, òǹrorò ni wọ́n, wọ́n á bú gbàmù, ohun inú wọn á fọ́n ká, ibẹ̀ ni irin ti ń wá. Mo sọ èyí fún oníbàárà kan, ló bá dá ọkọ́ padà, ó ní òun ò lè fi dúkìá òkú roko.

Ìjà gan-an ṣẹlẹ̀ níbi tí o ti ní ìmọ́lẹ̀ máa ń pẹ́ lọ́nà, pé ìràwọ̀ mìíràn lè ti kú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohùn rẹ, ó ti kúrò lẹ́nu rẹ tipẹ́, kì í ṣe pé o ya aláìgbọràn. Ìyá àgbà ní ṣé ìwọ náà lè ti kú nìyẹn. Mo ní bí a bá tẹ̀ lé ìwé, ó ṣeé ṣe. Ṣé kí n purọ́ ni? Ló bá bú sẹ́kún. Ìyá rẹ dúró tì mí, káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa dúró tì mí, àbúrò mi dúró díẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá rẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù bí ẹni ń wo àlejò tí kò kí èèyàn. Mi ò ka iye ẹni tó dúró tì mí mọ́.

O tún wá gba ohùn mìíràn sílẹ̀ ránṣẹ́ pé dáadáa lo wà. Ìyá àgbà ní àwọn ìràwọ̀ tó ti kú lókè náà ṣì ń tàn. Ó ní òun ò ní jẹun yó títí ìwọ fúnra rẹ fi máa sọ fún òun pé o ti jẹun.

Èédú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bí owó díẹ̀ bá wà, fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n pè wá ná. Má gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ mọ́, pè, kí a máa sọ ọ́ kí o máa fèsì.

O ò ní ṣe wàdùwàdù láyé. Wàá ṣọ́ epo rẹ lò, wàá tàn pẹ́, ojú wa ni a ó sì fi rí ọ, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ nìkan.

Jẹun kí o tó pè. Ohun tí ìyá àgbà máa kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí o purọ́ fún un.

Èmi ni bàbá rẹ.