Mo Ní N Ò Mọ Ògúnṣuyì

Irọ́ méjì ni mo pa, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, n ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn níbí yìí. Èmi ò kàwé, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ti ní kó má fi orúkọ mi sí i.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Lálúpọn, kòkó la ń ṣe. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gba òmìnira nígbà tí bàbá mi gba lébìrà kan láti Èkìtì, ọlọ́dún, tó máa ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko kó tó gbowó lọ sílé. Ọjọ́ tó dé ni mo bi í lórúkọ, ó ní Ògúnṣuyì. Mo pè é, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní Ògúnsuyì kọ́, ṣé eyín iwájú gbogbo ará Ìbàdàn ti ká ni... Èmi náà wá ń wá ohun tí màá fi gbẹ̀san. Òun náà, tó bá ti ṣíwọ́ oko, ulé ló máa ní òun ń lọ, kò lè pe ilé. Ni mo bá sọ ọ́ ní Ulé. Kóṣù tó parí, gbogbo abúlé ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ń dáhùn. Ìyàwó ilé kì í pe ọkùnrin ilé lórúkọ, ìnagijẹ ni wọ́n ń wá fún un, èyí sì rọ̀ wọ́n lẹ́nu. Bó ṣe di pé èmi àti bàbá mi nìkan la mọ Ògúnṣuyì nìyẹn.

Ọdún yẹn, kòkó so gan-an. Tá a bá ti ká a tán ni wọ́n máa gbé ìyàwó mi wá, àwọn àna mi ti dá ọjọ́. Ẹsẹ̀ ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀, èmi àti Ulé nìkan ló kù lóko. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé apẹ̀rẹ̀ délé, mo bá obìnrin kan níbi tá a sá kòkó sí, eruku bò ó lẹ́sẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé wa ń sín ohùn ẹ̀ jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bọ́lẹ̀kájà ló gbé e dé Lálúpọn, ó wá ń rìn láti abúlé dé abúlé, ó ń wá ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Ògúnṣuyì. Wọ́n ti ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ò purọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó wá yíjú sí mi... ó ní ìyá àwọn ń kú lọ, orúkọ Ògúnṣuyì ló wà lẹ́nu ẹ̀ tọ̀sán-tòru, kíjìpá tí ìyá fọwọ́ ara ẹ̀ hun fún un ló wà lórí òun yìí.

Mo mọ̀. Ulé wà lẹ́yìn odò, ó ń fọ́ kòkó, tí mo bá ké sí i á gbọ́. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé tó bá lọ, kò ní padà dé kí kòkó tó rà lórí igi, wọ́n á sún ọjọ́ ìyàwó mi síwájú. Mo ní n ò mọ Ògúnṣuyì. Mo tún ní kó lọ wò ó lápá Akínyẹlé... Akínyẹlé, bó ṣe jìn tó yẹn! Mo bu omi fún un. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Òun ni ìyá àgbà ọmọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ náà ti dáwọ́ dúró báyìí, kò wojú mi. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ulé parí ọdún ẹ̀, ó lọ sílé, kò lò tó ọjọ́ mẹ́wàá tó fi padà. Wọ́n ti sin ìyá. Àbúrò ẹ̀ sì ń sọ pé òun dé abúlé wa. Ó jókòó tì mí, èmi nìkan ló bi pé ṣé ẹnì kan wá bèèrè òun. Mo ní rárá. Irọ́ kejì nìyẹn, òun ló ń dùn mí jù, torí a ti ká kòkó tán nígbà yẹn, kí ni mo tún ń purọ́ fún? Ó gbà mí gbọ́. Ó ní òpùrọ́ làbúrò òun, ó jókòó sílé títí ìyá fi kú. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ó fẹ́yàwó níbí, ọmọ Bàbá Ulé ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ ẹ̀ dòní.

Àwa méjì la kù nínú ẹgbẹ́ wa, bẹ́ǹṣì kan náà là ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀ gbé fóònù wá, àbúrò yẹn ni. Ohùn ẹ̀ ti darúgbó, ó ń sunkún, ó ní kíjìpá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ òun, kí àwọn fojú kan ara àwọn kí ẹnì kan tó lọ. Ulé ní kí wọ́n pa fóònù náà, òun ò bá òpùrọ́ sọ̀rọ̀. Ló bá kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ lẹlẹ́rìí mi. Ṣé ó wá?"

Mo wúkọ́. Mo kàn ń wúkọ́ ni...

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ ọ́, kó má jókòó tì mí mọ́ láyé? Àbí kí n kọ́kọ́ bẹ àbúrò ẹ̀, ọmọ yìí ní òun lè rí nọ́ńbà ẹ̀ gbà? Tí ọ̀kan nínú wọn bá kú kí n tó ṣe tán ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá sì ní kí n lọ bá a lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ bá mi sọ èyí náà... orúkọ wo ni kí n fi pè é?