Àforíjì Tí Bàámi Tọrọ Lórúkọ Ààrẹ

                                        Yàrá Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ilé Ìsinmi Ààrẹ Àná,
                                        Orí Òkè.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń sùn mọ́jú, àbí ó ṣì ń fi ìwọ nọ́ọ̀sì ṣe nọ́ọ̀sì ara rẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ ọsibítù, ẹ kú àìsùn. Ara tèmi le. Màámi náà wà bí wọ́n ṣe wà, ẹnu wọn ò sinmi. Ọ̀rọ̀ Bàámi ló kó ìdààmú bá mi, ìyẹn ni mo fi jókòó kọ ìwé yìí dípò kí n pè ọ́. Tí mo bá pè ọ́, ẹkún ni mo máa sun, o ò sì ní gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mò ń sọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjọba ti sọ ilé tí Ààrẹ àná ti máa ń sinmi di ilé ìtàn ni mo ti ń mú àlejò yíká ibẹ̀: yàrá tó ń sùn, tábìlì tó ti ń kọ̀wé, bàtà òjò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa gbé ètò tuntun kan kalẹ̀, ó pè é ní "Bi Ààrẹ Léèrè". Ní gbogbo Àbámẹ́ta, ẹnì kan á wọ kóòtù funfun, á dé àkẹtẹ̀ bíi ti Ààrẹ, á jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àlejò á máa bi í ní ìbéèrè, òun náà á máa dáhùn bí ẹni pé Ààrẹ ò kú. Èmi ni mo ní Bàámi lè ṣe é. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó sílé tó ń bá rédíò jà, kí ló tún kù? Ìwọ náà ṣáà mọ ohùn yẹn, ohùn tó máa ń lé ọ jáde ní kíláàsì nítorí ẹ̀rín. Bàámi gbọ́ ohùn Ààrẹ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù títí wọ́n fi mọ bó ṣe ń wúkọ́. Màámi ní ọkùnrin kan ṣoṣo lòun fẹ́, kí èkejì yáa máa lọ sílé ẹ̀.

Òfin ètò náà ò ju ẹyọ kan lọ: a kì í fi ohun tí Ààrẹ kò sọ rí sí i lẹ́nu. Bí ìbéèrè bá le jù, Bàámi á wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n á ní àwọn mínísítà ń dúró de òun, èmi á sì kó àlejò lọ sínú ọgbà òdòdó. Ọgbọ́n yẹn ti gbà wá sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Àfi Àbámẹ́ta tó ṣáájú èyí tó kọjá. Ìyá àgbà kan dìde lẹ́yìn. Wọ́n ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ọkọ òun ń ṣe, pé nígbà ìjọba Ààrẹ ni ọlọ́pàá wá mú un nídìí ẹ̀rọ, kò sì padà wálé títí dòní. Wọ́n béèrè pé, "Ààrẹ, níbo lẹ gbé ọkọ mi sí?" Mo ń wo Bàámi kí wọ́n lè wo aago. Wọn ò wò ó. Wọ́n ṣí àkẹtẹ̀, wọ́n fi ohùn Ààrẹ sọ pé, "Ìyá, ìjọba mi ló mú un. A ṣẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ìyá náà di apá àga mú, wọ́n sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún, kí n má purọ́ fún ọ. Àwọn àlejò kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé bí eré náà ṣe ń lọ nìyẹn.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ẹnì kan ti ká a sórí fóònù. Kó tó di ọjọ́ kejì, fídíò ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ààrẹ, obìnrin tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé náà. Ó fi ìbínú wọ ọ́fíìsì wa. Ó wù mí kí n kórìíra ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ gún mi lọ́kàn. Ó ní a fi ohùn bàbá òun sọ ohun tí bàbá òun kò sọ títí ó fi kú, pé ṣé bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítàn nìyẹn? Ọ̀gá wa wá pàṣẹ pé Bàámi gbọ́dọ̀ padà sórí àga náà ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kí wọ́n sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Ààrẹ. Lọ́jọ́ kan náà ni ìyá yẹn ránṣẹ́ pé òun ń kó àwọn ọmọ òun bọ̀, kí àwọn náà lè fetí ara wọn gbọ́ àforíjì.

Oúnjẹ ò wọ ọ̀fun Bàámi lọ́sẹ̀ yẹn. "Irọ́ ni mo pa fún opó," wọ́n sọ fún mi. "Tí mo bá sì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa ti gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀."

Àbámẹ́ta pé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Ọmọ Ààrẹ jókòó níwájú. Ìyá náà àti ọmọ wọn ọkùnrin méjì, tí ewú ti ń hù lórí, jókòó tẹ̀lé e. Bàámi ò wọ kóòtù, wọn ò dé àkẹtẹ̀. Ohùn ara wọn ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní tíṣà lásán ni àwọn, pé Ààrẹ ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, pé àwọn ni àwọn dá a sọ.

Ìyá náà dìde. "Tíṣà, ojú mi ò fọ́," wọ́n ní. "Mo mọ̀ pé Ààrẹ ti kú, mo gbọ́ ìsìnkú ẹ̀ lórí rédíò. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi kí èmi náà tó lọ ni." Wọ́n wá yíjú sí ọmọ Ààrẹ. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí lo rí sọ?"

Obìnrin náà ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó tún pa á dé. Níkẹyìn, ó ní òun ò tiẹ̀ mọ orúkọ ọkọ wọn. Ìyá náà ní ìyẹn ò le, wọ́n dárúkọ náà fún un. Ó pè é ní ohùn kékeré. Wọ́n ní kó pè é sókè kí àwọn ọmọ òun lè gbọ́. Ó pè é sókè. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ síbi mọ́tò rẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá fòpin sí ètò náà. Bàámi jókòó sílé, Màámi ń bú wọn, wọn ò fèsì. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Jọ̀ọ́, pè wọ́n tí o bá ráyè, kí o kàn rẹ́rìn-ín sí wọn létí. Ọ̀gá tún ní tí a bá mú àlejò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a sọ̀rọ̀ nípa igi tí wọ́n fi kan àga, kí a kọjá, pé a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ atẹ̀wé náà. Mo ní mo ti gbọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó má gbé ẹrù wúwo. Bá mi gbé ọmọ wa mọ́ra. Màámi ní kí n kí ọ, wọ́n ní o ti gbàgbé ilé.

Kí n tó fi bírò sílẹ̀: mo mú ọ̀wọ́ àlejò mẹ́ta yíká ilé náà lónìí. Gbogbo wọn ni mo dárúkọ ọkùnrin náà fún. Bí o bá gbọ́ pé èmi àti Bàámi la jọ jókòó sílé báyìí, o ti mọ ohun tó fà á.

                                        Èmi ṣì ni tìrẹ, bí iṣẹ́ wà, bí kò sí,
                                        Ẹlẹ́jọ́-wẹ́wẹ́.