Àdùkẹ́ àti Òkè Dschang

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kejìlá, 2025
Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: búréèkì Àdùkẹ́. Òkè Dschang, pàápàá ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ nígbà àbọ̀. Ojú mi òsì. Òtútù ibẹ̀, tí yóò mú ìyàwó mi, Ìyá Manuella, láyà. Àwọn gendarme, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà — ṣé ìwé ọkọ̀ ṣì pé? Búréèkì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àdùkẹ́ ni Péjò 504 mi. Ọdún 1982 ni mo rà á, ọdún mẹ́fà kí a tó bí Manuella. Ìyá rẹ̀ ń pè é ní orogún òun. Báyìí, Manuella ti bímọ ní Dschang, wọn yóò sì gbé ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi 28. Ìyá rẹ̀ ní òun kò ní wọ bọ́ọ̀sì, pé àwọn dírẹ́bà yẹn ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àfi kí n fi Àdùkẹ́ gbé òun lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Franck, mẹkáníìkì mi ní àdúgbò Japoma, pààrọ̀ gbogbo rọ́bà búréèkì, ó rọ omi búréèkì tuntun sí i. Ó ní, "Pápá, ó ti dáa. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́." Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó dá a lójú. Ó ní kí n lọ sùn.

Ọjọ́bọ̀, 11
Mo tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mọ́kànlá nínú ọgbà. Ó mú. Síbẹ̀ n kò sùn.

Ọjọ́ Ìsinmi, 14
Pásítọ̀ Elkanah gbàdúrà sí ọkọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ó ta òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, sí sítíárìn, sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fọ́tò làwọn ọ̀dọ́ ń yà dípò àmín. Ṣùgbọ́n òróró kò dé ibi tí ẹ̀rù mi wà. Mo gba ìyókù. Nílé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ṣí ike omi búréèkì, mo dà á sí i. Díẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, 15
Mo sùn wọra.

Ọjọ́bọ̀, 18
Ní Akwa, láàárín ìlú. Mo tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ mi rì délẹ̀. Búréèkì ọwọ́ ni mo fà — ó ti pẹ́ jù, mo ti kan táyà ẹ̀yìn ọlọ́bẹ́nskín kan, ìyẹn ọlọ́kadà ìlú wa níbí. Òun àti alùpùpù rẹ̀ kò ṣubú. Ó wo Àdùkẹ́, ó wò mí. "Pápá, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló dàgbà jù?" Àwọn èrò ẹ̀bá ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Mo pe Franck, mo bú u. Mo ní ó fẹ́ pa mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 19
Franck tú u. Gbogbo rọ́bà ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ó gbóòórùn omi náà. "Pápá, ta ló da òróró sí i?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní á jẹ́ pé Sàlísù tó ta omi búréèkì fún òun ló fi òróró lú u, òun á sì sọ fún gbogbo mẹkáníìkì Japoma. Bí mo bá sọ òótọ́, Franck á sọ fún Manuella — ilé ìwé kan náà ni wọ́n lọ — Manuella á ní kí n má wakọ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ kò sì ní rí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20
Sàlísù. Sàlísù. N kò jẹun.

Ọjọ́ Ìsinmi, 21
N kò jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ìyá Manuella rí i. Nílé, mo sọ ọ́ fún un. Ó ní: "Bàbá Manuella, ẹ fi òróró Ọlọ́run din búréèkì?" Ó ní kí n lọ jẹ́wọ́ lọ́la.

Ọjọ́ Ajé, 22
Mo lọ. Sàlísù wà níbẹ̀, ó ń fi ìgò ọjà rẹ̀ han Franck, ó ń búra. Mo sọ ọ́ níwájú àwọn méjèèjì. Franck jókòó lórí táyà. Sàlísù ní, "Bàbá, èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mi ò kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ọjọ́rú, 24
Franck ti fi rọ́bà tuntun sí i. Ó wà á yí Japoma ká, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ láìwo ojú mi. Ó sì ti rojọ́ fún Manuella. Manuella pè, ó fi Faransé bá mi wí: kí n gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, kí a wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ gba fóònù. Ó rọra sọ Yorùbá kó lè yé e: "Awakọ̀ tó ba búréèkì jẹ́, tó sì jẹ́wọ́, òun ni màá bá lọ. Èmi ò mọ ohun tí ti bọ́ọ̀sì ń fi pamọ́." Manuella ní kí a máa pe òun ní gbogbo ibi tí a bá ti dúró.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. A óò gbéra ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, aago mẹ́fà òwúrọ̀.