Fìrìgẹ́ńdù, Ọ̀rọ̀ Bàbá Iná

Ilé tí a ti gbé olóògbé jáde lówùúrọ̀ yìí, ibẹ̀ náà ni a bí wọn sí lọ́dún 1958. Káfíńtà ni bàbá wọn, ìyá wọn ń ránṣọ. Ọmọ márùn-ún ni òbí wọn bí, olóògbé ni àbígbẹ̀yìn. Ìyàwó wọn ló kọ ìtàn yìí. Ìwé mẹ́fà ló kà, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a fara dà á.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971, wọ́n kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná. Bàbá Iná ni àdúgbò ń pè wọ́n.

Lọ́dún 1989 ni wọ́n gbéyàwó, Ọlọ́run sì fi ìbejì ta wọ́n lọ́rẹ. Ìyàwó ló ń bá wọn dúró ti súìṣì. Bàbá á wà lórí àkàbà nínú yàrá kan, ìyàwó á wà ní yàrá kejì, wọn ò ní rí ara wọn. Tí Bàbá bá ti yọwọ́ lára wáyà, wọ́n á ní, "Ó yá!" Ìyàwó á tan iná.

Lọ́dún 1993, nílé olùkọ́ kan, ìyàwó gbọ́ "Ó yá!", ó sì tan iná. Kì í ṣe Bàbá ló sọ ọ́. Olùkọ́ náà ló ń lé ọmọ rẹ̀ wọ balùwẹ̀. Iná gbé Bàbá, wọ́n já bọ́, apá wọn kán. Ìyàwó kò lè jẹun. Bàbá ò bá a wí. Lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ní, "Ìyá Ìbejì, gbogbo ayé ló ń sọ 'Ó yá'. Jẹ́ ká wá èyí tí kò sí lẹ́nu ẹnì kankan."

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní, "Fìrìgẹ́ńdù." Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín.

"O ti gbọ́ ọ rí?"

"Rárá o! Ta ló máa sọ irú ìyẹn?"

"Èmi nìkan."

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀, má bẹ̀rù, tan iná. Ìyàwó á dáhùn, "Mo gbọ́," kó tó tan án.

Ogún ọdún ni wọ́n fi tún iná ṣọ́ọ̀ṣì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kan tí àdúrà gùn jù, dípò Àmín, Fìrìgẹ́ńdù ni Bàbá sọ. Pásítọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ń pààrọ̀ wáyà pálọ̀ wa. Ìyàwó dúró nídìí súìṣì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó lọ wò wọ́n, wọ́n ti jókòó sídìí àkàbà, ẹnu wọn ò ṣí mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ọsibítù kí wọ́n tó dágbére fáyé. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń bá wa jókòó sínú òkùnkùn nílé látìgbà náà. Àwọn ìbejì ti yẹ wáyà wò, wọ́n ní kò séwu. Ìyàwó kọ̀: Bàbá ò tíì sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wọn wá kí wa. Ó ní, "Ìyá, èdè wo ni Bàbá ń sọ? Láàárọ̀ tí ẹ lọ mú aṣọ wá, ẹnu wọn ṣí díẹ̀, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí n sọ fún yín. Mo kọ ọ́ sórí páálí oògùn." Ìyàwó wo páálí náà. Fìrìgẹ́ńdù ni. Kò sí ẹni tó lè ṣèèṣì sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, ó ti fọwọ́ kan súìṣì lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ká ọwọ́ kò. Lónìí, tí a bá ti ìsìnkú dé, kí ẹ tó jókòó, òun fúnra rẹ̀ ló máa tan án.

Ìyàwó, ìbejì àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin ló gbẹ́yìn wọn.

Bàbá Ìbejì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ sùn dáadáa. Mo gbọ́.